Ọwọ́ alámì méjì nínú bridge: ìgbà wo ló yẹ kí a dá sí ìpè, báwo sì ni a ó ṣe dá sí i?

Oníbéèrè

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń ta bridge, eré káàdì tí ẹni mẹ́rin ń ta ní ẹgbẹ́ méjì-méjì. Ọ̀rọ̀ kan ti ń yọ mí lẹ́nu láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Àwa wà lójú ewu (ipò tí owó ìjábọ́ àti èrè àdéhùn ńlá ti ń pọ̀ jù), àwọn alátakò kò sí lójú ewu. Ẹni tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún mi ló kọ́kọ́ pè, ó sì pe 1♥ (ìlérí láti kó tíríìkì méje, ìyẹn ìyípo káàdì mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀kan lórí mẹ́fà, pẹ̀lú háàtì gẹ́gẹ́ bí túrọ́ọ̀mpù, àmì tó ń borí ìyókù). Ọwọ́ tó kàn mí nìyí, àmì kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀ (♠ sípéèdì, ♥ háàtì, ♦ dáyámọ́ǹdì, ♣ kílọ́ọ̀bù):

♠ A J 9 7 4
♥ 6
♦ K Q 10 8 3
♣ 5 2

Inú mi dùn nígbà tí mo rí i, nítorí ọwọ́ tó ní àmì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ káàdì márùn-ún kì í wọ́pọ̀; nínú ọgọ́rùn-ún ọwọ́ tí wọ́n bá pín fún ènìyàn, bíi mẹ́rin péré ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Mo yára pe 2♥, èyí tí èmi àti ẹnìkejì mi ti fohùn ṣọ̀kan pé ó túmọ̀ sí sípéèdì márùn-ún pẹ̀lú káàdì márùn-ún nínú ọ̀kan lára àwọn àmì kékeré, yálà dáyámọ́ǹdì tàbí kílọ́ọ̀bù. Alátakò ọwọ́ òsì dọ́bù. Ẹnìkejì mi ní ♠ 8 3, ♥ Q 10 7 2, ♦ 6 4, ♣ Q 9 8 7 3. Ó pe 2NT (NT ni ìpè láìsí túrọ́ọ̀mpù) láti bi mí pé àmì kékeré wo ni mo ní, nítorí ó ń retí kílọ́ọ̀bù. Mo dá a lóhùn pé 3♦. Wọ́n dọ́bù (èyí tó ń mú owó ìjábọ́ pọ̀ sí i), mo kó tíríìkì mẹ́fà péré nínú mẹ́sàn-án tí 3♦ ń béèrè, a sì san máàkì 800. Nígbà tí a wo ìwé àbájáde, èyí tó pọ̀ jù tí ẹnikẹ́ni gbà lọ́wọ́ àwọn tó jókòó síbi tiwa ní àwọn tábìlì yòókù tí wọ́n ti ta káàdì kan náà ni 400 láti inú 3NT. Tábìlì kan tó pe 4♥ tiẹ̀ kó tíríìkì mẹ́sàn-án, ó sì jábọ́.

Ẹnìkejì mi ní kí n má tún la ẹnu mọ́ nígbà tí a bá wà lójú ewu. Èmi kò gbà pé ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí nìyẹn. Ṣé kí n dákẹ́ ni, àbí kí n pe 1♠, àbí ohun tí mo ṣe dára, tí ó kàn jẹ́ pé àwọn káàdì kò bá wa mu?

Àgbà Àríwá

Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Kò sí ẹni tó ti ń ta eré yìí pẹ́ tí kò tíì san 800 rí; ìgbà kan wà tí èmi ń san án bí ẹni ń san owó iná.

Kí n tó dá sí ìpè ẹnikẹ́ni pẹ̀lú irú ọwọ́ yìí, mo máa ń bi ara mi pé: bí mo bá sọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi, ta ni yóò jèrè rẹ̀, ṣé ẹnìkejì mi ni, tàbí ẹni tí yóò ta àdéhùn (ìpè tó gbẹ̀yìn, tó gbọ́dọ̀ mú ṣẹ) náà níkẹyìn? Ìpè lásán ni 1♠, kò sọ ju káàdì márùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n ìpè Michaels tí ẹ lò, èyí tí wọ́n fi orúkọ Mike Michaels ará Miami ní Amẹ́ríkà sọ, ń sọ káàdì mẹ́wàá nínú mẹ́tàlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ẹni tó wà ní tábìlì ló sì ń gbọ́ ọ.

Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ni pé ọwọ́ tí kò lágbára, bíi póìǹtì 6 sí 10 (éèsì jẹ́ 4, ọba 3, ayaba 2, jáàkì 1), tàbí èyí tó lágbára gidi, láti 16 sókè, ni a fi ń pe Michaels. Bí ọwọ́ mi kò bá lágbára, mo ti sọ gbogbo rẹ̀ tán nínú ìpè kan, n kò sì ní tún pe nǹkan kan mọ́ àyàfi tí ẹnìkejì mi bá bi mí. Bí ó bá lágbára, n óò tún pè lẹ́ẹ̀kejì, ẹnìkejì mi yóò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ọwọ́ àárín, bíi póìǹtì 11 sí 15, ni kò mọ ibi tí yóò jókòó sí: ó pọ̀ ju ìdákẹ́ lọ, kò sì tó ìpè kejì. Irú èyí ni mo máa ń fi àmì tó ga jù bẹ̀rẹ̀, tí n óò wá pe èyí tó relẹ̀ lẹ́yìn náà bí àyè bá wà. Bí mo bá ní ♠ A Q 10 7 4, ♥ 6, ♦ A Q J 8 3, ♣ 5 2, n óò pe 1♠, n óò sì múra láti pe dáyámọ́ǹdì nígbà tí ó bá tún kàn mí. Àmì tó ga ló ń ṣáájú nítorí pé, bí mo bá pe sípéèdì tẹ́lẹ̀ kí n tó pe dáyámọ́ǹdì, ẹnìkejì mi lè padà sí sípéèdì láìgun ipele mìíràn. Bí mo bá kọ́kọ́ pe dáyámọ́ǹdì, títì ni mo ń ti ẹni ẹlẹ́ni sókè.

Ọwọ́ tiyín jẹ́ póìǹtì 10, ó wà ní ẹnu ààlà. Bí a kò bá sí lójú ewu, n óò pe 2♥ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lójú ewu, tí wọn kò sì sí nínú rẹ̀, 1♠ ni tèmi.

Onímọ̀ Ìṣirò

Ẹ jẹ́ kí n gbé iye owó rẹ̀ kalẹ̀, nítorí ẹ̀rù ewu yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àròsọ. Nígbà tí a kò bá sí lójú ewu, tí wọ́n dọ́bù wa, ìjábọ́ tíríìkì kan jẹ́ 100, méjì jẹ́ 300, mẹ́ta jẹ́ 500, mẹ́rin jẹ́ 800. Lójú ewu, ó di 200, 500, 800, 1100. Ohun tí àwọn alátakò máa ń gbà fún àdéhùn ńlá (bíi 3NT, 4♥ tàbí 4♠) tí wọ́n bá ṣe é yọrí nígbà tí wọn kò sí lójú ewu kò ju 400 tàbí 420 lọ. Bí wọ́n bá wà lójú ewu, ó di 600 tàbí 620. Nítorí náà, bí àwa nìkan bá wà lójú ewu, ìjábọ́ méjì pẹ̀lú dọ́bù ti ju gbogbo ohun tí wọ́n lè rí gbà lọ, bí ó tilẹ̀ dá wa lójú pé àdéhùn wọn yóò yọrí. Bí ó bá jẹ́ àwọn nìkan ló wà níbẹ̀, a lè jábọ́ mẹ́ta kí a sì tún jèrè 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Harold Vanderbilt ló gbé ètò ewu yìí wọ inú eré náà ní 1925, nígbà tó ń rìnrìn àjò ojú omi gba ọ̀nà Panama, kò sì sí ohun tó yí ìpè padà tó o láti ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n ohun tó wù mí jù nínú ìtàn Oníbéèrè ni iye káàdì. Ará Faransé kan tó ń jẹ́ Jean-René Vernes kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà ní 1969 pé, bí a bá da iye túrọ́ọ̀mpù tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nínú àmì tó dára jù fún un pọ̀, ó sábà máa ń súnmọ́ iye tíríìkì tí ẹgbẹ́ méjèèjì lè kó, bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá fi àmì tirẹ̀ ta. Ẹ ka káàdì náà. Àwọn alátakò ní háàtì mẹ́jọ. Àwa ní sípéèdì méje, dáyámọ́ǹdì méje, kílọ́ọ̀bù méje. Ibi gbogbo ni méje. Mẹ́jọ àti méje jẹ́ 15. A kó mẹ́fà nínú dáyámọ́ǹdì, àwọn tó ta háàtì kó mẹ́sàn-án. Ó bá ara mu rẹ́gí. Èyí túmọ̀ sí pé káàdì kò ṣe wá ní ohun àrà ọ̀tọ̀ kankan. Ọwọ́ tí kò bá ara rẹ̀ mu ni a fi gun ipele kẹta.

Ẹnìkejì Rere

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n Onímọ̀ Ìṣirò, ṣùgbọ́n Oníbéèrè kò lè rí háàtì mẹ́rin tó wà lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ kó tó pè. Ohun tó lè rí ni bí káàdì tirẹ̀ ṣe rí, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a dúró díẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ méjì yìí, kí ẹ rò pé wọ́n pe 1♥ níwájú yín:

♠ Q J 10 9 6, ♥ 6, ♦ K J 10 9 8, ♣ 5 2

♠ 9 7 4 3 2, ♥ K, ♦ J 8 6 4 3, ♣ A Q

Póìǹtì 7 ló wà nínú ti àkọ́kọ́, 10 ló wà nínú ti èkejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á fi èkejì pe 2♥, wọn á sì dákẹ́ pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Ìdàkejì rẹ̀ ni èmi máa ń ṣe bí a kò bá sí lójú ewu. Nínú ti àkọ́kọ́, gbogbo póìǹtì wà nínú àwọn àmì tó gùn, mẹ́wàá àti mẹ́sàn-án sì tì wọ́n lẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé bí ẹnìkejì mi bá tilẹ̀ ní káàdì kékeré méjì péré níbẹ̀, mo ṣì lè kó tíríìkì tó pọ̀ díẹ̀. Nínú ti èkejì, ọba háàtì dá dúró níwájú ẹni tó pe háàtì, éèsì àti ayaba kílọ́ọ̀bù jẹ́ ohun ìjà fún ìgbà tí àwọn mìíràn bá ń ta àdéhùn, sípéèdì náà sì rí bí eyín arúgbó. Ọwọ́ tó ń kó tíríìkì láti dá alátakò dúró ni, kì í ṣe ọwọ́ tó ń ta àdéhùn tirẹ̀.

Tí ẹ bá fi èyí wo ọwọ́ Oníbéèrè, ó dára ju bí Àgbà Àríwá ti sọ lọ. Éèsì, ọba, ayaba, jáàkì, gbogbo wọn wà níbi tó yẹ. Mo tilẹ̀ gbà pé kò ṣe àṣejù rárá.

Ibi tí mo ti ń dá ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́bi ni 2NT. Sípéèdì méjì ló ní, kò ní éèsì kankan, alátakò sì ti dọ́bù, èyí tó fi hàn pé agbára wà lọ́dọ̀ wọn. Ó gun ipele kẹta nítorí kílọ́ọ̀bù tó ń retí. Ìrètí náà kò ju ọ̀kan nínú méjì lọ. Bí mo bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ti di kílọ́ọ̀bù márùn-ún mú, dáyámọ́ǹdì méjì péré ló sì rí. Níbo ni ìyókù dáyámọ́ǹdì yóò wà? Ó yẹ kó pe 2♠ kó sì gba kádàrá. A lè jábọ́ méjì níbẹ̀ kí a san 500, n kò sọ pé yóò dùn.

Oníbéèrè

Mo fi ọ̀rọ̀ yín hàn án. Ó ní òun kò fẹ́ràn kí wọ́n máa pe orúkọ òun láìpe orúkọ òun. Ṣùgbọ́n ó gbà pé 2♠ ni ó yẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹnìkejì yẹ kó máa wò gan-an nígbà tó bá gbọ́ irú ìpè yìí? Òun máa ń ka póìǹtì rẹ̀ bí ìgbà tí a bá fi 1NT bẹ̀rẹ̀.

Ẹnìkejì Rere

Kó gbàgbé póìǹtì. Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ tiyín kan náà ṣe àpẹẹrẹ, kí n sì fún un ní oríṣi méjì.

Àkọ́kọ́: ♠ K 8 6 3, ♥ 9 7 4 2, ♦ A 5, ♣ 8 7 4. Póìǹtì 7 nìyẹn, àpapọ̀ ẹ̀yin méjèèjì jẹ́ 17 péré nínú 40 tó wà nínú káàdì. Síbẹ̀, háàtì kan àti kílọ́ọ̀bù méjì nìkan ni ó dájú pé ẹ óò pàdánù; bí ayaba sípéèdì bá bọ́ sílẹ̀, tí dáyámọ́ǹdì sì ṣe yín dáadáa, 4♠ ti yọrí. Èkejì: ♠ 5 2, ♥ K Q J 9, ♦ 6 4, ♣ K Q J 7 3. Póìǹtì 12, àpapọ̀ 22, ṣùgbọ́n kíkó tíríìkì mẹ́jọ yóò ṣòro fún yín, nítorí pé gbogbo ọba àti ayaba rẹ̀ wà níbi tí ẹ̀yin ti ní káàdì kan tàbí méjì.

Nítorí náà, ohun tí ẹnìkejì ń kà ni éèsì, ọba àti ayaba inú àmì méjèèjì tí a pè, éèsì àwọn àmì yòókù, àti gígùn túrọ́ọ̀mpù. Ọba àti ayaba nínú àmì alátakò, kó fi wọ́n sí àpò fún ìgbà tí yóò dọ́bù àwọn alátakò. Bí ó bá sì ń yàn láàárín àmì méjì, èyí tó gùn jù ni kó yàn, kì í ṣe èyí tó lẹ́wà jù. Sípéèdì mẹ́ta tó jẹ́ 6 4 2 sàn ju dáyámọ́ǹdì méjì tó jẹ́ A Q lọ.

Ará Manchester

Ẹ jẹ́ kí n yapa díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ Àgbà Àríwá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àwọn tó ń ta bridge gidi lóde òní, ọ̀pọ̀ wọn kò pín ọwọ́ sí aláìlágbára àti alágbára mọ́. Bí wọ́n bá ní márùn-ún márùn-ún, tí ó sì tó láti dá sí i, wọn á pe Michaels, ọwọ́ àárín pẹ̀lú. Ìdí wọn ni pé, bí ẹ bá pe 1♠ pẹ̀lú ọwọ́ àárín, tí àwọn alátakò sì fò lọ sí 4♥ kí ó tó tún kàn yín, ẹ kò ní mọ̀ bóyá kí ẹ pe 5♦, ẹnìkejì yín tó ní dáyámọ́ǹdì mẹ́rin kò sì ní lálàá rẹ̀. Mo ti pàdánù báyìí ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ. Iye owó tí a ń san fún ọ̀nà tiwọn ni pé ẹnìkejì kò mọ agbára wa dáadáa, ó sì ní láti méfò díẹ̀.

Nípa àmì kékeré tí ẹnìkejì kò mọ̀, àwọn kan níbí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń lo ètò Ghestem, tí wọ́n fi orúkọ Pierre Ghestem ará Faransé sọ. Ó ń lo 3♣ pẹ̀lú 2NT àti àmì alátakò, kí ó lè jẹ́ pé àmì méjèèjì hàn kedere láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dára lórí ìwé. Nínú ìṣe, ẹni tó ní kílọ́ọ̀bù méje á gbàgbé, á pe 3♣, ẹnìkejì rẹ̀ á sì gbé wọn lọ sí ipele karùn-ún nínú àmì tó jẹ́ pé káàdì kan ni wọ́n ní nínú rẹ̀. Mo ti jókòó sí tábìlì tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, mo sì dúpẹ́ pé alátakò ni mí. Bí ẹ kò bá ń bá ẹnì kan ṣoṣo ta bridge lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Àgbà Àríwá

Mo gba ti 4♥ yẹn. Ó ń dun èmi náà.

Ẹ má gbàgbé pé ipele tí ẹ ń ti ẹnìkejì yín sí kò dọ́gba. Bí wọ́n bá pe 1♣, 2♣ tiyín ń sọ sípéèdì àti háàtì, ẹnìkejì yín sì lè dúró ní ipele kejì nínú èyíkéyìí. ♠ Q J 10 7 4, ♥ K J 9 8 3, ♦ 6, ♣ 5 2 tó fún èyí bí ẹ kò bá sí lójú ewu. Bí wọ́n bá pe 1♠, 2♠ tiyín ń sọ háàtì àti àmì kékeré kan, kò sì sí ibi tí ẹnìkejì yín lè sá sí tó relẹ̀ ju ipele kẹta lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni 2NT tó ń sọ àmì kékeré méjèèjì lórí 1♥ tàbí 1♠: ipele kẹta ni lọ́nàkọnà, ẹ kò sì ní sípéèdì tí ẹ lè fi borí wọn. Mo máa ń béèrè káàdì tó nípọn sí i fún àwọn méjèèjì yìí ju fún 2♣ lọ.

Oníbéèrè

Ó ti ń yé mi. Ìbéèrè méjì ló kù. Èkíní, bí ó bá jẹ́ káàdì márùn-ún àti mẹ́rin ńkọ́? Èkejì, bí alátakò méjèèjì bá ti pè kí ó tó kàn mí ńkọ́?

Onímọ̀ Ìṣirò

Fún èkíní: márùn-ún àti mẹ́rin kì í ṣe Michaels, ní pàtàkì lójú ewu. Ẹ rò pé wọ́n pe 1♥, ẹ sì ní ♠ K Q 8 4, ♥ 7 3, ♦ A Q 10 6 3, ♣ 9 2. Bí ẹ bá pe 2♦, sípéèdì lè sọnù pátápátá. Bí ẹ bá dọ́bù láti ní kí ẹnìkejì yín yan àmì, ó lè pe 2♣. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ fohùn ṣọ̀kan ṣáájú pé, lẹ́yìn irú dọ́bù bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá yí 2♣ padà sí 2♦, kì í ṣe pé ọwọ́ yín lágbára jù, ó kàn ń sọ pé dáyámọ́ǹdì gùn, sípéèdì mẹ́rin sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Láìsí ìfohùnṣọ̀kan náà, ẹnìkejì yín yóò rò pé póìǹtì 18 ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ óò sì tún padà wá síbí wá béèrè ìbéèrè mìíràn. Bí ó bá jẹ́ sípéèdì ni ó gùn, márùn-ún, tí dáyámọ́ǹdì jẹ́ mẹ́rin, 1♠ ni, ó ti parí. Káàdì mẹ́fà àti mẹ́rin náà, ẹ fi ṣe àmì kan ṣoṣo, ẹ pe èyí tó jẹ́ mẹ́fà.

Ẹnìkejì Rere

Fún èkejì, ibẹ̀ ni ewu pọ̀ sí jù lọ. Bí ọ̀tún bá pe 1♠ lẹ́yìn tí òsì ti pe 1♦, tí ẹnìkejì yín sì ti páàsì (kò pe nǹkan kan) láàárín wọn, àwọn méjèèjì ti fi agbára hàn, ẹnìkejì yín kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Àmì méjì tó kù ni háàtì àti kílọ́ọ̀bù. Bí àwọn alátakò kò bá tíì rí àmì tó bá wọn mu, ó ṣeé ṣe kí tiyín náà má bá ara mu, wọ́n á sì jókòó dè yín pẹ̀lú dọ́bù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé àmì kan náà sókè, bíi 1♠ kí èkejì sì pe 2♠, ó sábà máa ń jẹ́ pé wọ́n ní sípéèdì mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ara wọn, ẹnìkejì yín náà kò sì ní ní púpọ̀ níbẹ̀; káàdì rẹ̀ wà nínú àwọn àmì tiyín. Èmi máa ń láyà nígbà yẹn ju ìgbà tí wọ́n bá ń pe oríṣiríṣi lọ.

Ará Manchester

Mo fẹ́ padà sí ìbéèrè tí Àgbà Àríwá fi bẹ̀rẹ̀, nípa ẹni tí yóò jèrè ọ̀rọ̀ wa, nítorí ó ṣẹlẹ̀ sí mi lóṣù tó kọjá. A kò sí lójú ewu, wọ́n pe 1♠, mo ní àmì kékeré méjèèjì, márùn-ún márùn-ún, pẹ̀lú póìǹtì 6 tó tú ká. Mo pe 2NT. Kò sí ohun tó jáde níbẹ̀. Wọ́n lọ sí 4♠. Ẹni tó ń ta àdéhùn náà ní sípéèdì mẹ́sàn-án pẹ̀lú ti ẹnìkejì rẹ̀, éèsì àti ọba wà lọ́dọ̀ wọn, ayaba nìkan ni kò sí. Ní ọjọ́ gbogbo, ẹni tó bá ní mẹ́sàn-án máa ń ta éèsì àti ọba, ó sì ń retí kí ayaba bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ti sọ fún un pé káàdì mẹ́wàá mi wà nínú àmì kékeré, ó kù mẹ́ta péré fún sípéèdì àti háàtì. Ó ta éèsì lẹ́ẹ̀kan, ó rí i pé mo tẹ̀ lé e, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gba ọ̀dọ̀ ẹnìkejì mi mú ayaba. Ní àwọn tábìlì yòókù, níbi tí ẹni tó jókòó síbi tèmi ti dákẹ́, wọ́n jábọ́ kan.

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Òrofó bí ọmọ mẹ́fà, ó ní ilé òun kún ṣọ́ṣọ́. Láti ọjọ́ náà, bí kò bá sí ọ̀nà gidi tí àwa fi lè ta àdéhùn, tàbí tí a fi lè fara rúbọ lọ́nà tó pọn dandan, n kì í kà iye ọmọ mi sí etí ọdẹ mọ́.

Oníbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Èmi àti ẹnìkejì mi jókòó lánàá, a sì kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sórí ìwé àdéhùn wa. Lójú ewu nígbà tí àwọn alátakò kò sí níbẹ̀, Michaels ń béèrè póìǹtì tó wà nínú àwọn àmì tó gùn, ó kéré tán mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, tàbí káàdì mẹ́fà àti márùn-ún. Nígbà tí ìdàkejì bá rí bẹ́ẹ̀, a lè fi ohun tó kéré pè. Ọwọ́ àárín, a fi 1♠ bẹ̀rẹ̀, àyàfi bí ó bá jẹ́ mẹ́fà àti márùn-ún. Lẹ́yìn dọ́bù alátakò, ẹni tó bá ní méjì nínú sípéèdì á pe sípéèdì, kò sí ẹ̀bẹ̀. Òun ló ní kí n kọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, kí ó hàn pé òun kò bínú.

Ohun kan ṣoṣo tí a kò tíì yanjú ni ìgbà tí wọ́n bá pe 1♣, tí a sì ní sípéèdì àti dáyámọ́ǹdì. 2♣ ń sọ sípéèdì àti háàtì, 2NT ń sọ dáyámọ́ǹdì àti háàtì. Kò sí ìpè tó kù fún wa.

Àgbà Àríwá

Ẹ pe 1♠. Bí àyè bá wà, ẹ pe dáyámọ́ǹdì lẹ́yìn náà. Bí kò bá sí, ẹ ti sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù.

Ẹ tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé, bí 1♥ bá yí wá bá yín lẹ́yìn páàsì méjì, 2NT kì í ṣe àmì kékeré méjì mọ́. Ọwọ́ tó lágbára tó sì dọ́gba ni, bíi póìǹtì 19 sí 21. Mo mọ àwọn méjì tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé lórí èyí.